Kóòdù Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Tó Ń Padà Wá Lórí Píkọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀: Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn mẹ́rin ló wà lára sàlẹ́ńsà Toyota Tacoma tó ń lo ẹ́ńjìnnì V6 onílítà mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2005 títí dé 2015, tí àwọn kan nínú wọn sì ti di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó wọ́pọ̀ kí ẹni tó ni ín pààrọ̀ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí iná check engine kú fún ọjọ́ mélòó kan, kó tún tàn, kí wọ́n sì ní kó lọ ra ìkejì. Owó ń jáde, iná ò lọ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Kóòdù ni nọ́ńbà tí ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ń kọ sílẹ̀ bó bá rí àṣìṣe. Kóòdù tó dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Oníṣẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ jẹ́ láàárín sàlẹ́ńsà àti ọpọlọ ọkọ̀. Nígbà mìíràn, ara oníṣẹ́ ni kò yá. Nígbà mìíràn, ọ̀nà tó ń gbà ló bàjẹ́, ìyẹn wáyà àti fíúsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ló ń jẹ́, pé nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnnì, àwa la kò fetí sí i. Iṣẹ́ wa ni láti mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́ta yìí kí a tó ná kọ́bọ̀. Tacoma ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ní Ford F-150, Chevrolet Silverado tàbí Nissan Frontier lè tẹ̀lé e. Màá sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ọpọlọ ọkọ̀, ẹ má pa á rẹ́

Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìsí pé ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ìyẹn láìjẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó ti fi nǹkan bò ó, ọkọ̀ náà sì lè ní kóòdù mẹ́wàá nínú tí ẹ ò mọ̀. Bí ẹ kò bá tíì sanwó ọkọ̀, ibẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Gbogbo ọkọ̀ kékeré àti píkọ́ọ̀pù tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú OBD-II, níbi tí a ti ń ki ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù bọ̀, lábẹ́ ìdarí ọkọ̀. Ẹ̀rọ ìkàwé kóòdù ELM327 kékeré tó ń lo Bluetooth, pẹ̀lú áàpù bíi Torque lórí fóònù, tó fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ gbogbo kóòdù tí ẹ bá rí sílẹ̀, títí kan àwọn tó wà ní pending, ìyẹn àwọn tó ti rí àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan tí kò tíì tan iná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí freeze frame. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ọkọ̀ ti kọ bí nǹkan ṣe rí lásìkò tí kóòdù wọlé: bí eré ọkọ̀ ṣe tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bóyá ó wà lójú kan ni tàbí ó ń gun òkè. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, torí pé gbàrà tí ẹ bá pa kóòdù rẹ́, àkọsílẹ̀ yìí bá a lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń ra ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú fò: readiness monitors, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí ọpọlọ ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ń fi hàn pé wọn kò tíì parí, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí bátìrì. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é. Yíyọ orí bátìrì kò tún nǹkan kan ṣe. Púpọ̀ nínú kóòdù wọ̀nyí ni ọpọlọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí nínú ìrìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó tan iná, ìdí nìyẹn tí iná fi máa ń sinmi fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó padà.

Ọ̀tún ni àbí òsì?

Sensor 1 ni èyí tó wà ṣáájú kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń sọ èéfín olóró di aláìléwu nínú sàlẹ́ńsà; sensor 2 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bank 1 ni apá tí sìlíńdà àkọ́kọ́ wà. Lórí Tacoma V6, apá èrò ni bank 1. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí F-150 tó ní V8. Ṣùgbọ́n lórí Silverado V8, apá awakọ̀ ni. Mẹkáníìkì tó mọwọ́ Ford lè tú sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣẹ̀ tí kò rò lára Silverado, kóòdù náà yóò sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ yín kó tó di sípánà mú.

Ẹ pín kóòdù sí ẹbí rẹ̀

P0135, P0155, P0141 àti P0161 jẹ́ ti híítà, ìyẹn iná kékeré tó ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná. Toyota tún máa ń mú P0031, P0051, P0037 àti P0057 wá fún híítà kan náà. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná pọ́ńbélé ni gbogbo wọn.

P0171 àti P0174 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. P0172 àti P0175 ń sọ pé epo ló pọ̀ jù. P2195 àti P2197 ní ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ kò kúrò lórí "epo kéré", P2196 àti P2198 ní kò kúrò lórí "epo pọ̀". Ẹ́ńjìnnì ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí níbí.

P0420 àti P0430 jẹ́ ti kátálíìsì.

Bó bá jẹ́ ti híítà

Sẹ́ńsọ̀ yìí kò lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná kọjá bíi 300°C. Híítà inú rẹ̀ ló ń mú un dé ibẹ̀ kíákíá. Bí híítà kò bá ṣiṣẹ́, ọpọlọ ọkọ̀ yóò máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo láfọjú, epo yóò sì máa lọ.

Fíúsì ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí àpótí fíúsì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ ìdérí rẹ̀. Lórí Toyota, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ A/F (air/fuel, afẹ́fẹ́ sí epo) sí. Bí kóòdù híítà bá yọ ní ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì tàbí rílè (ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á) ni ẹ ó mú, torí ó ṣòro kí sẹ́ńsọ̀ méjì kú lọ́jọ́ kan. Fíúsì tó bá jó, ẹ fi èyí tí agbára rẹ̀ dọ́gba pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá tún jó, ó ṣeé ṣe kí wáyà kan ti bó síbì kan, kó sì máa kan irin. Ẹ tẹ̀lé wáyà láti ara sẹ́ńsọ̀ lọ sókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdè rẹ̀ ti já, ó ti sùn lé páìpù sàlẹ́ńsà tó gbóná, róbà ara rẹ̀ sì ti yọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so ojú fíúsì pọ̀. Ọkọ̀ lè gbiná.

Lẹ́yìn fíúsì, ẹ fa ẹnu ìsopọ̀ sẹ́ńsọ̀ yọ, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Irin mẹ́rin tín-tìn-tín ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń dán, ó dáa. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé bíi ìyẹ̀fun lára ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí irin kan ti sá wọ inú ju àwọn yòókù lọ, ẹ ti rí ibi tí iná ti ń sọ nù. Ọkọ̀ tí àgbàrá ti bò rí ní Amẹ́ríkà máa ń ní àìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní apá àríwá ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín. Ẹ fi ohun ìfọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sí ojú ìsopọ̀ iná (contact cleaner) fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó dá a padà.

Ó wá kan mítà. Ẹ gbé e sí ohm, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ẹ sì wọn wáyà híítà méjèèjì ní ìhà sẹ́ńsọ̀. Lórí sẹ́ńsọ̀ Denso, èyí tí Toyota ń lò, wáyà dúdú méjì ni wọ́n. Sensor 1 Tacoma yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi 2 sí 3.5 ohm, sensor 2 yẹ kó wà láàárín 11 sí 16. Ẹni tó ní ọkọ̀ mìíràn lè wọn sẹ́ńsọ̀ òdì kejì tí kóòdù kò kàn, kó fi wé e. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan rárá, híítà ti já nínú, sẹ́ńsọ̀ yẹn ti lọ. Ìgbà yìí ló tó àkókò láti ra òmíràn.

Bí ohm bá dáa, ẹ ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wá iná ní ìhà ọkọ̀: ọ̀kan nínú wáyà híítà yẹ kó ní fóltì 12 sókè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ fíúsì, rílè àti wáyà. Bó bá wà, wáyà kejì tó ń lọ sínú ọpọlọ ọkọ̀ ni ẹ ó tẹ̀lé. Eku fẹ́ràn wáyà ọkọ̀ tó bá dúró síbì kan pẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lókè gíábọ́ọ̀sì dáadáa.

Ọ̀nà kan wà tó máa ń parí àríyànjiyàn láàárín ẹni tó ni ọkọ̀ àti rewáyà. Bí nọ́ńbà ara sensor 1 ọ̀tún àti ti òsì bá jọra, tí wáyà wọn sì gùn dọ́gba, ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀. Bí P0135 bá di P0155, sẹ́ńsọ̀ ló jẹ̀bi. Bí P0135 bá dúró síbi tó wà, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nínú wáyà.

Bó bá jẹ́ "epo kéré" tàbí "epo pọ̀"

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ ṣí fuel trim lórí áàpù. Ó ń fi hàn bí ọpọlọ ọkọ̀ ṣe ń fi epo kún un tàbí tó ń dín in kù. Ẹ ro Short Term àti Long Term pọ̀ fún bank kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ wọn bá wà láàárín −10% àti +10%, kò sí wàhálà. Bó bá ń lọ sí +20%, ẹ́ńjìnnì ń bẹ̀bẹ̀ fún epo.

Ẹ kà á nígbà tí ọkọ̀ gbóná tó sì dúró lójú kan, kí ẹ tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn dé 2,500 RPM (iye ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan) kí ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ga lójú kan tó wá wálẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́: róbà tó ti là, gásíkẹ̀ẹ̀tì ẹnu ìmí ẹ́ńjìnnì, róbà PCV (èyí tó ń kó èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí ẹnu ìmí). Àwọn róbà wọ̀nyí ti gbẹ lórí ọkọ̀ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí, kí ẹ yí abẹ́ rẹ̀ sókè wò, torí abẹ́ ló ti máa ń là. Mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ èéfín yóò rí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bó bá dáa lójú kan tó wá ń ga nígbà tí ọkọ̀ ń sáré tàbí tó ń gun òkè, epo ni kò dé dáadáa, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní MAF máa parọ́. Pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí ìdọ̀tí tó wà nínú epo. Ṣùgbọ́n MAF ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, torí owó rẹ̀ kéré. Ìdè méjì ló dì í mú lẹ́yìn àpótí fíltà. Ẹ fọ́n ohun ìfọ̀ MAF sí i, kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí aṣọ kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ láéláé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì onílítà mẹ́rin bá gbóná tó sì dúró lójú kan, áàpù yẹ kó ka nǹkan bíi gíráàmù 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo fíltà náà pẹ̀lú. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eré.

Bó bá jẹ́ bank kan ṣoṣo ló ga, ẹ lọ sí apá yẹn, kí ẹ wá ibi tí sàlẹ́ńsà ti ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Ìhò kékeré níbẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láàárín ìmí kan sí èkejì, sẹ́ńsọ̀ yóò rí ọ́síjìn tí kò wá láti inú ẹ́ńjìnnì, yóò sì pariwo pé epo kéré. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kó tutù bí omi, kí ẹ tẹ́tí sí ìdí rẹ̀. Bó bá ń dún tík-tík-tík, tó sì ń rọlẹ̀ bí irin ṣe ń gbóná, ojú ìsopọ̀ ti ṣí nìyẹn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá ìlà èéfín dúdú tó fẹ̀ jáde lára irin. Omi ọṣẹ tí ẹ bá fọ́n síbẹ̀ kí irin tó gbóná yóò máa hó. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Èéfín ọkọ̀ nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń pa ènìyàn.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò kà sí. Púlọ́ọ̀gì tó kú tàbí kọ́ìlì (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) tó ń ṣe bí ẹni kú máa ń mú kí sẹ́ńsọ̀ sọ pé epo kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ń rùn jáde ní ìdí ọkọ̀. Epo tí kò jó jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò jó. Afẹ́fẹ́ nìkan ni sẹ́ńsọ̀ mọ̀. Nítorí náà, bí P0300 títí dé P0306 (kóòdù sìlíńdà tí kò jó epo rẹ̀ dáadáa) bá wà lára ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn.

Ní ti "epo pọ̀", ìńjẹ́tọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) tó ń kán àti ìfúnpá epo tó ga jù ni ẹ ó wá.

Bí sẹ́ńsọ̀ tuntun náà bá tún kú

Ẹ tú u, ẹ wo orí rẹ̀. Bó bá dúdú tó gbẹ bí eérú ìkòkò, epo pọ̀ jù. Bó bá ní ọ̀rá dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Bó bá funfun bí ẹfun, omi rédíétọ̀ ń wọ inú sìlíńdà, tàbí kó jẹ́ gọ́ọ̀mù sílíkónì ni. A fẹ́ràn gọ́ọ̀mù yẹn lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe yẹ lọ, a ń fi í lẹ gbogbo nǹkan. Oòru rẹ̀ máa ń bo ojú sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ ò sì ní rí nǹkan mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní pa sẹ́ńsọ̀ lára, kí ẹ sì lo díẹ̀.

Ọjà náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Sensor 1 Tacoma yìí kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lásán. Irú tí wọ́n ń pè ní A/F ni. Ẹnu ìsopọ̀ lè wọlé, ìdè lè mu, kí sẹ́ńsọ̀ náà má sì bá ọpọlọ ọkọ̀ mu. Nínú nọ́ńbà Denso, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234-9 ni A/F, 234-4 sì ni ọ́síjìn lásán. Ẹ mú nọ́ńbà ara ti àtijọ́ dání bí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Gate ní Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n gé lára ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ wọn ohm rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Olóòótọ́ ò ní bínú. Mi ò fara mọ́ sẹ́ńsọ̀ tí a ó gé wáyà rẹ̀ kí a tó so ó mọ́ ti àtijọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ má ṣe fi òjé jó wáyà náà pọ̀: ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ máa ń mí gba inú wáyà wọn.

P0420 àti P0430

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbé e lé irin ìdúró, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ṣé kátálíìsì wà níbẹ̀? Lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, wọ́n ti gé e tà, wẹ́dà ti fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, sensor 2 ń sọ òótọ́, kò sì sí sẹ́ńsọ̀ tuntun tó lè pa kóòdù yẹn. Bó bá wà, ẹ ka fóltì sensor 2 nígbà tí ọkọ̀ gbóná tí eré rẹ̀ kò yí padà: bó bá dúró ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.8, kátálíìsì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń fò láàárín 0.1 àti 0.9, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, torí ìhò nítòsí sensor 2 lè mú kóòdù kan náà wá. Àwọn kan máa ń fi irin kékeré kan ti sẹ́ńsọ̀ jìnnà kí iná lè kú. Iná yóò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín olóró yẹn ni àwa àtàwọn ọmọ wa ń fà símú nínú gosiló. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kó fi kátálíìsì padà.

Títú u àti fífi òmíràn sí i

Ẹ fọ́n epo tó ń tú ìdè tó ti dógùn-ún sí ìdí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ kí irin lè lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì lo sípánà 22 tó ní ojú fún wáyà. Gírísì tó wà fún ojú ìdè kò gbọ́dọ̀ kan orí sẹ́ńsọ̀. Bí ti tuntun bá ti ní tirẹ̀, ẹ má fi kún un. Ìfúnmọ́ 44 N·m ló tó. Ẹ dá gbogbo ìdè wáyà padà sí ipò rẹ̀, kí wáyà jìnnà sí páìpù.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí

Ẹ wá pa kóòdù rẹ́ báyìí. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ kó tó gbóná, ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan díẹ̀, ẹ wà á láàárín ìgboro, kí ẹ sì wá ọ̀nà tó já gaara tí ẹ ti lè di eré kìlómítà 80 sí 90 ní wákàtí kan mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdúró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Iná tó kú kò tó ẹ̀rí. Ẹ wo readiness monitors ti oxygen sensor, ti híítà rẹ̀ àti ti kátálíìsì, kí gbogbo wọn ti parí, kí pending ṣófo, kí fuel trim sì wà láàárín −10 àti +10. Bí kóòdù bá sì tún yọ, ẹ ṣí freeze frame tuntun, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí ẹ yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí eré, ooru àti fuel trim inú méjèèjì bá jọra, ohun tí ẹ tún ṣe kọ́ ló fà á. Bí wọ́n bá yàtọ̀, àìsàn kejì ló jáde, kí ẹ padà lọ pín in sí ẹbí tirẹ̀.